Ọjọ́ Tí A Fẹsẹ̀ Ara Wa Lọ Bá Wáráǹtì

Ìjọba ológun ti lọ, àwọn alágbádá ti gbàjọba, inú wa sì ti dùn sí i títí ó fi sú wa, kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìhà àríwá Èkìtì nígbà náà. Ní ìlú wa, tó wà láàrin Ìtàjí àti Ìkọ̀lé, ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ ní Èkó sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì máa pariwo níbẹ̀ bí ẹni tó ń lé ọ̀bọ lóko. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣe wá bẹ́ẹ̀ ṣì wà láàyè, ìjókòó iwájú ni wọ́n sì ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Tíṣà ni wọ́n ń pè mí. Mo ti bá ẹgbẹ́ olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀ rí, mo ti gbé páálí rìn nígboro Adó nínú òjò, tajútajú ti sọ mí lẹ́kún níbi tí ọkọ mi ò sí láti pẹ̀tù sí mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí pé ìjà wo ni mo lè fi yangàn níwájú ọmọ, èyí tí a jà láìju òkúta kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń bi wá pé kí ni àwọn àgbà yín tilẹ̀ ṣe, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ fún yín.

Rúùtù ló ni ìtàn náà gan-an. Màmá Dúpẹ́ ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọdún kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Òun dá a dúró, èmi ń bá a lọ, ìyẹn ò sì ní kó má bú mi bó ṣe wù ú. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Dúpẹ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ṣì wà lẹ́yìn. Láti ìgbà náà ni Rúùtù ti mú ọkọ́ tí olóògbé fi sílẹ̀, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè, ohun tí àwọn obìnrin wa kì í sábà ṣe. Àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, àwọn náà ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wọ àárò wọn.

Bóyá ẹ̀yin ò mọ àárò mọ́. Bí a bá jọ ṣiṣẹ́ lóko mi lónìí, oko rẹ ló kàn, lẹ́yìn náà oko tẹni tó tẹ̀ lé ọ, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ fún tí kò wá síbi tẹlòmíràn, kò ní rójú jókòó láwùjọ. Poro kọ̀ọ̀kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú, a ó sì máa kọ ebè lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wa. Ní àárò tiwa, Rúùtù ló fi òfin kan lélẹ̀ pé a kì í fi poro kan sílẹ̀ relé. Bó bá ku ti ẹnì kan, gbogbo wa á padà sẹ́yìn, a ó bá a parí ẹ̀, ì báà jẹ́ pé òjò ti ṣú. Òun ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́: "Ó ku poro kan." A ó kùn, a ó sì padà.

Inú àárò yìí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù náà ti wá. Nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ dé, Rúùtù ni a fi ṣe aṣojú wa níbi àpótí ìbò tó wà níwájú ilé ìwé. Ṣíjú, ọmọ ìlú wa tó ń ta símẹ́ńtì, ló ń du ipò káńsílọ̀ nínú ẹgbẹ́ kejì. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, tó ti hàn sí tọmọdé tàgbà pé ìbò ò ṣe ti Ṣíjú, ọkọ̀ kan dé pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin tí a ò mọ̀ rí. Rúùtù lọ jókòó lé orí àpótí náà. Wọ́n ní kó dìde. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Wọ́n tì í ṣubú, wọ́n gbé àpótí jù sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Ọjọ́ kejì ni rédíò sọ fún wa pé Ṣíjú ló wọlé.

Ara wa ò gbà á. A fi màrìwò àti bẹ́ǹṣì ilé ìwé dí títì, a ń kọrin, ọkọ̀ kankan ò kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ó tó di ọ̀sán, ọlọ́pàá ti kó àwa méje. Rúùtù wà nínú wa, èmi náà wà níbẹ̀, àti Táyọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gun ọ̀kadà tó sì tún ń dáko. Àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ ọmọ àárò. Wọ́n gbé wa lọ sí kóòtù májísíréètì ní ìlú tó tóbi ju tiwa lọ, pé a da ìlú rú. Ṣíjú ló fẹ̀sùn kàn wá. Wọ́n gba onídùúró wa, wọ́n dá ọjọ́ mìíràn fún wa, a sì padà sílé.

Ẹ wá wo ibi tí a ti gbà ṣìnà. Kábíyèsí ò fẹ́ kí ìlú pín sí méjì. Ó pe tọ̀tún tòsì sí ààfin, ó ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, kí a wá parí ẹ̀ níwájú òun. A sọ tiwa, Ṣíjú sọ tirẹ̀. Ó ní òun ti jáwọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Nípa ti àpótí, a ní kí àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò ní Adó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n pa obì, a jọ jẹ ẹ́. Kábíyèsí wá ní kí àwọn tó ń jà lọ ṣe àárò ọjọ́ kan pa pọ̀ lóko iṣu ààfin, pé àwọn tó bá jọ làágùn kì í pẹ́ gbàgbé ìjà. Ọjọ́ tó mú ni ọjọ́ tí kóòtù dá fún wa.

Mo rántí pé mo gbé ọwọ́ sókè. Mo ní, "Kábíyèsí, kóòtù ń retí wa lọ́jọ́ yẹn."

Olóyè Ọ̀dọ̀fin, tó jókòó lápá ọ̀tún ọba, ló dá mi lóhùn. Ó ní, "Tíṣà, ẹjọ́ wo ló tún kù tí ọba ti parí? Ẹni tó fẹjọ́ sùn nìyí, òun ló ń jẹ obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yìí."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ìlú kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa tí wọn ò ti ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí olùfisùn ti jáwọ́ nínú rẹ̀ níwájú ọba, tí obì ti là á, ta ni yóò tún lọ dúró ní kóòtù fún un?

Bó ṣe di pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ wa ní kóòtù nìyẹn, oko iṣu la wà. Ṣíjú wá pẹ̀lú bàtà aláwọ dúdú tó ń dán. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé ìwé ni kò ti mú ọkọ́ dání mọ́. Poro tó tẹ̀ lé ti Rúùtù ló bọ́ sí, kò sì pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi yọ omi. A parí tiwa, a dé ìdí igi, a ń mu omi, Ṣíjú ṣì wà láàrin poro níbi tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Rúùtù dìde. Ó ní, "Ó ku poro kan." Ó padà lọ bá a kọ ọ́ dé òpin. Nígbà tó parí, ó fi àdín pa ọwọ́ ọkùnrin náà, ó ní, "Ṣé o rí i, Ṣíjú, ebè ò ṣe é gbé sá lọ bí àpótí ìbò." Ṣíjú fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mo rò pé ìjà ti parí lóòótọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò fagi lé èsì wọ́ọ̀dù wa, wọ́n ní ká tún un dì ní ọjọ́ Sátidé kan. Inú wa dùn. A tún fi Rúùtù ṣe aṣojú, nítorí òun ni gbogbo ìlú rí lórí àpótí ìjọ́sí. Ó sọ fún mi pé, "Tíṣà, wọ́n gbé e lọ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó kú, mo fẹ́ jókòó ti àpótí kan títí wọn yóò fi kà á tán níwájú mi." Kò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ ìbò, ọ̀sán gangan, Olú wọlé sí àgbàlá Rúùtù. Olú ni ọkọ Dúpẹ́. Ọmọ ìhà Kàbbà ni, kọ́púrà ọlọ́pàá sì ni ní àgọ́ tó ń bójú tó ìlú wa. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Èmi àti Rúùtù ń pa ẹ̀kùrọ́ lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná nígbà tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ bí àna rere ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò dìde.

Rúùtù ní, "Olú, dìde. Ṣé kò sí o? Ṣé ara Dúpẹ́ yá?"

"Ara rẹ̀ yá, mà. Ẹ jẹ́ n ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí mo gbé wá kò ṣe é sọ lórí ìdúró."

Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ó ní nígbà tí a ò yọjú sí kóòtù lọ́jọ́ tí wọ́n dá, májísíréètì ti fọwọ́ sí wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ pé kí ọlọ́pàá mú wa wá ní tipátipá. Ti àwa méjèèje ni. Ó ti wà ní àgọ́ wọn láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti wá bá ọ̀gá wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá sì ti ní kí wọ́n mú wa ní ọ̀sán Jímọ̀.

Mo bi í pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ Jímọ̀? Bí wọ́n bá ti ń wá wa, kí ló dé tí wọn ò mú wa lónìí?"

"Màmá Tíṣà, kóòtù kì í jókòó ní Sátidé. Ẹni tí wọ́n bá mú ní ọ̀sán Jímọ̀, àtìmọ́lé ni yóò wà títí di Mọ́ńdè."

Rúùtù pa ẹ̀kùrọ́ kan sí i. Ó wá ní, "Ta ni wọ́n ní kó wá mú mi?"

"Èmi ni, mà."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ó dáa, sà. Iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo fi gba ọmọ yín, mi ò lè fi gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Mo wá ní ọ̀sán kí ojú gbogbo èèyàn lè rí mi, kí wọ́n má baà sọ pé mo yọ́ wá."

Inú bí mi débi pé mo sọ òkúta tí mo fi ń pa ẹ̀kùrọ́ mọ́lẹ̀. Obì tí a jọ jẹ. Àdín tí Rúùtù fi pa Ṣíjú lọ́wọ́. Rúùtù ní tirẹ̀ gbé oúnjẹ fún Olú, ó ní àna kì í wá kí ebi tún pa á padà. Ibẹ̀ ló ti jẹun, ìyá ìyàwó rẹ̀ tó fẹ́ mú sì ń bu omi fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí kóòtù náà. Kò sí lọ́yà tí a lè pè ní ìlú wa, òfin tí mo mọ̀ kò sì ju ti ẹgbẹ́ olùkọ́ lọ. Mo bá akọ̀wé kóòtù nínú yàrá rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá mi."

"Ta ló ń wá yín, Màmá?"

"Ulé ẹjọ́ yín ni." Mo dárúkọ mi, mo sọ ọ̀rọ̀ títì tí a dí.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé bí mo bá ké sí ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ ò ní padà sílé?"

"Mo mọ̀. Mo rí i, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán ná."

Ọkùnrin náà wò mí títí, ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Òun ló là mí lójú. Ó ní wáráǹtì kì í ṣe ìdájọ́; májísíréètì kàn ń bèèrè wa ni. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó sọ ìdí tí kò fi wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fagi lé tirẹ̀. Ẹni tí ọlọ́pàá bá wọ́ wá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní, "Lọ́la ni kẹ́ ẹ wá. Ní Jímọ̀, májísíréètì ò ní jókòó, Adó ni wọ́n ń lọ. Kí gbogbo yín sì jọ wá." Mo dúpẹ́, mo gba iwájú ọlọ́pàá ẹlẹ́pà kọjá, ó tilẹ̀ kí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, a pé jọ sí ẹ̀yìnkùlé Rúùtù. Táyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí á má tan ara wa, kí á sá lọ sí ahéré tó wà lójú ọ̀nà Ìtapàjí títí ìbò yóò fi kọjá. "Bí a bá fẹsẹ̀ wa lọ, tí májísíréètì sì ní kí wọ́n tì wá mọ́lé ńkọ́? A ó ti bá Ṣíjú ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Àwọn méjì mi orí sí i. Èmi gan-an ò mọ èyí tí ǹ bá sọ. Rúùtù ló dá a lóhùn.

"Táyọ̀, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mi ò sùn ní àtìmọ́lé rí, orúnkún mi ò sì fẹ́ ilẹ̀ símẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá lọ sí ahéré, ta ni yóò jókòó ti àpótí ní Sátidé? Ẹni tó sá fún wáráǹtì ti bá wọn mú ara rẹ̀ nìyẹn."

A fẹnu kò pé a ó lọ ní òwúrọ̀. Táyọ̀ wo ilẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a kan ilẹ̀kùn rẹ̀, òun àti ọ̀kadà rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́.

Alájì tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó pákí lọ sí Ọ̀yẹ́ ló gbé wa láàárọ̀ Tọ́sìdeè náà, ó ní kí á má wulẹ̀ dárúkọ owó. Àwa mẹ́fà ni ẹ̀sùn wà lọ́rùn wa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kún. Gbogbo àárò ló wá. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Ṣíjú, tí wọ́n bá wa kọ ebè lọ́jọ́ náà, gun ọkọ̀ láìsí ẹni tó pè wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní ìbò ni ìbò, àárò ni àárò. Kábíyèsí rán Ọ̀dọ̀fin pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ rẹ̀, olóyè náà sì gbé e lé itan láàrin èérún pákí bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ojú ń tì í. Ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ lọ́jọ́sí." Mo ní kó gbàgbé ẹ̀, gbogbo wa la jọ rẹ́rìn-ín.

Ṣíjú ti gbọ́. Ó ti jókòó ní kóòtù kí a tó dé, agbádá rẹ̀ le gbandi. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ wa, a dìde. Ọlọ́pàá tó ń ṣe agbẹjọ́rò sọ lédè òyìnbó pé a ti sá fún kóòtù, akọ̀wé tó là mí lójú sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́. Májísíréètì, ọkùnrin tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, bi wá pé níbo la wà lọ́jọ́ tí òun dá.

Rúùtù ní, "Oko ọba la wà, Olúwa mi. Àwa àti ẹni tó pè wá lẹ́jọ́ la jọ wà níbẹ̀."

Agbẹjọ́rò ní irọ́ ni. Rúùtù ò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Olúwa mi, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi bi Ṣíjú léèrè ẹni tó bá a parí poro rẹ̀."

Akọ̀wé wo májísíréètì. Kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ lédè òyìnbó. Májísíréètì gbé ọwọ́ sí i pé kó fi í sílẹ̀, ó ní, "Bàbá mi dáko. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n wí." Ó yíjú sí Ṣíjú. "Ẹ dá wọn lóhùn."

Ṣíjú dìde. Ó wo agbẹjọ́rò, ó wo ọ̀pá àṣẹ tó wà lọ́wọ́ Ọ̀dọ̀fin, ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.  Mi ò fẹ́ràn Ṣíjú títí di òní, ṣùgbọ́n mi ò ní fi òtítọ́ dù ú: ó lè purọ́, kò sì purọ́.

Ó ní, "Màmá Dúpẹ́ ni."

"Lọ́jọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí kóòtù dá náà ni, Olúwa mi. Èmi náà ò wá. Ọba ti bá wa parí ẹ̀."

Májísíréètì sọ fún wa pé ọba lè parí ìjà, òun ò sì bá ọba du ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tó bá ti dé iwájú òun, iwájú òun ni kí wọ́n wá sọ pé ó ti parí. Ó bá wa wí dáadáa, àti àwa àti Ṣíjú. Lẹ́yìn náà ló fagi lé wáráǹtì àwa mẹ́fà, ó ní kí á máa lọ sílé lórí onídùúró wa ti tẹ́lẹ̀. Ó wá bèèrè pé, "Ẹni keje dà?" A ní kò bá wa wá. Ó ní, "Tirẹ̀ dúró bó ṣe wà."

Ní Sátidé, Rúùtù wọ aṣọ tó fi ń lọ gba ara Olúwa, ó jókòó ti àpótí láti àárọ̀. Àwọn ọmọ àárò ò lọ sílé lẹ́yìn tí wọ́n dìbò tán. Wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pápá ilé ìwé, bí ìgbà tí kálukú dúró sórí poro rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ọkọ̀ ìjọ́sí tún yọ lójú títì. Ó rọra ń bọ̀. Ó dé ọ̀gangan wa, àwọn inú rẹ̀ wò wá, a wò wọ́n, ọkọ̀ náà sì kọjá lọ. Wọ́n ka ìbò náà sókè ketekete níwájú Rúùtù, ẹgbẹ́ wa ló borí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, kò jó, kò yọ̀. Ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ dìde, orúnkún òun ti kú.

Mo ti rí àwọn èèyàn ńlá tí wọ́n ń gba oyè lọ́wọ́ gómìnà, mi ò rí èyí tó wú mi lórí tó ti Rúùtù lọ́jọ́ náà.

Ẹ ó ní kí ni a wá rí jẹ. Káńsílọ̀ tí a fìyà yàn kò ju bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe rí lọ. Ẹ̀rọ omi tó ṣèlérí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ dòní. Ṣíjú ti wọ ẹgbẹ́ wa, àwa la kúrò níbẹ̀. Ẹjọ́ wa kú ní kóòtù nítorí pé kò sẹ́ni tó tún wá rojọ́ mọ́. Ní ti Olú, wọ́n mọ̀ pé òun ló sọ fún wa. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé e lọ sí òkè ọya, Dúpẹ́ tẹ̀ lé e, ọmọ tó bí síbẹ̀ ti ń sáré kí Rúùtù tó rí i. Rúùtù kì í sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá dìbò ní wọ́ọ̀dù náà gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹnì kan ò gbé àpótí lójú wa mọ́. Bí wọ́n bá pe ọmọ ìlú wa lẹ́jọ́ báyìí, kódà kí ọba parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, a ó kó ara wa dé kóòtù, a ó sọ ọ́ níbẹ̀. Ohun tí a rí jẹ nìyẹn, kò sì kéré.

Gbèsè kan ló wà nílẹ̀. Táyọ̀ gba Ìtapàjí dé Èkó. Bàbá rẹ̀ kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kò lè wá sin ín, ó ní wọ́n á mú òun níbi òkú. Aṣọ ló fi ránṣẹ́. Ìgbà tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ojú rẹ̀ ló tó yọ sí wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ewú ti dé ẹ̀bátí rẹ̀, ó fa fìlà bojú, ẹ̀yìn ìlú ló gbà wọlé. Rúùtù wò ó láti òkè délẹ̀. Mo rò pé yóò bú u. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ó ku poro kan."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa tó kù nínú àárò kó Táyọ̀ sáàrin, ó di kóòtù. Ọ̀dọ̀fin ti kú, akọ̀wé wa ti fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin kan la bá níbẹ̀. Ó wá orúkọ Táyọ̀ títí, ó padà wá, ó ní ikán ti jẹ gbogbo ìwé àtijọ́ kí wọ́n tó kó wá sí ilé tuntun.

Ó ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó ń wá yín. Ẹ máa lọ sílé."

Táyọ̀ ní, "Láti ìgbà wo?"

Ọmọ náà ò mọ̀. Táyọ̀ di tábìlì mú, ó bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. Rúùtù ní kí ọmọbìnrin náà má bínú, kó jẹ́ kí májísíréètì fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un, nítorí ẹni tó ti ń sá láti ìgbà náà, etí rẹ̀ kò ní tètè gbà á gbọ́. A jókòó dúró títí kan ọ̀sán. Májísíréètì, obìnrin ni báyìí, pè é síwájú, ó ní kò sí nǹkan kan lọ́rùn rẹ̀.

Bí a ṣe délé, Táyọ̀ ò wọ yàrá. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Koríko ti bo ojú oórì náà. Rúùtù ti ya ilé rẹ̀, ó ti gbé ọkọ́ méjì wá. Ó na ọ̀kan sí i, ó dúró lápá kejì pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, wọ́n sì jọ ro ó dé òpin.